Owó Ojú Bàbá Rẹ àti Ewé Ṣẹ́ẹ̀kì Tí O Fọwọ́ Sí Sílẹ̀

Akínyẹlé,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á sí bàbá rẹ létí, wọ́n ní kí n tún un kà. Inú wọn dùn pé iṣẹ́ tuntun náà bá ọ lára mu, pé yàrá tí o gbà ní Alákíà kò jò, àti pé ọ̀gá yín kì í jágbe mọ́ èèyàn. Inú tèmi náà dùn, ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Kí-ló-fà-á ni bàbá mi máa ń pè mí, torí pé bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀, màá bèèrè ẹni tó sọ fún wọn. Àgbà dé, kò mú ìwà yẹn kúrò lára mi. Nítorí náà, ibi tí ẹlòmíràn á ti kà kọjá nínú lẹ́tà rẹ ni èmi dúró sí.

Ohun tí o kọ nìyí: “Màmá, ẹ má ṣèyọnu nípa bí màá ṣe máa gba owó. Báǹkì ti máa ń pa ìlẹ̀kùn dé kí n tó ṣíwọ́, ṣùgbọ́n Brọ̀dá Láyí tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ń bá mi ṣe é. Mo ti fọwọ́ sí ewé ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ ilé ire ni wọ́n. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń kí mi láràárọ̀! Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí.”

Mojí! Ewé ṣẹ́ẹ̀kì tí o fọwọ́ sí, tí kò sí iye kankan lórí rẹ̀? Owó tó wà ní báǹkì yẹn, ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe owó oṣù rẹ nìkan. Owó kòkó bàbá rẹ ni a kó sí orúkọ rẹ, torí ìwọ lo mọ̀wé jù nínú wa, kí a lè fi san owó iṣẹ́ abẹ ojú wọn ní ọsibítù. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ló kù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni kí a ṣe é, pé bí a bá fi falẹ̀, òun kò ní lè ṣèlérí kankan mọ́. Kò sí owó mìíràn níbì kankan, ọmọ mi.

N kò sọ pé olè ni Láyí o. N kò mọ̀ ọ́n rí, n kò sì fẹ́ fi ẹnu mi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn: ta ló sọ oríkì rẹ fún un?

Fi ọkàn balẹ̀ kí o gbọ́ ìdí tí mo fi ń bèèrè. Ṣé o rántí Ìyá Olóbì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, ọmọ bàbá wọn, tí wọ́n gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa títí wọ́n fi kú? Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bi mí pé kí ló dé tí Ìyá Olóbì kò fi kọ́ ilé tiwọn pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo máa ń ní kí o lọ fọ àwo. Wọ́n ṣì wà láyé nígbà náà, ìtìjú ọ̀rọ̀ náà sì ń pa wọ́n. Wọ́n ti sinmi báyìí, mo lè sọ ọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni. Ìyá Olóbì ń ta obì àbàtà, ọjà wọn sì ń yá. Inú kòkò ni wọ́n ń kó owó sí, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí olè wú kòkò aládùúgbò wa lọ, bàbá rẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n gbé tiwọn lọ sí pósófíìsì nígboro. Mo sìn wọ́n lọ. Akọ̀wé fún wọn ní ìwé kékeré kan. Nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n tẹ̀ka, akọ̀wé sì tẹjú mọ́ ojú wọn, ó kọ ilà wọn sínú ìwé: àbàjà, iye rẹ̀, àti bó ṣe dúbúlẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní bí wọ́n bá wá gba owó, ilà yẹn ni òun máa kọ́kọ́ wò, ìka ló máa tẹ̀ lé e. Ìyá Olóbì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ní, “Ta ló lè jí èyí gbé?” A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi tí a ti wọ lọ́rì.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá sí abúlé. Káákì ló wọ̀, ó gbé àpò awọ kọ́ èjìká, ó ní pósófíìsì ló rán òun sí àwọn tó ń fowó pamọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn kí èèyàn ni. Háà, ọkùnrin náà mọ èèyàn kí! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku fún Ìyá Olóbì, tòun ti káákì rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ó kì wọ́n, ó ki baba tó bí wọn, ó ki orílẹ̀ wọn débi pé orí Ìyá Olóbì wú, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ìyàwó, gbé omi tútù wá. Mú obì tó dáa wá.” Àwọn àgbà ti wí pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

Bó ṣe ń jẹ obì ló ń bèèrè àlàáfíà, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ilé ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Àwọn ọmọ ìyá yín ńkọ́, ṣé wọ́n wà? Ìyá Olóbì ní, “Èmi àti àbúrò mi kan ṣoṣo ló kù nínú ọmọ ìyá wa, Ìyá Wúrà. Lálúpọn ló lọ́kọ sí. Bí o bá rí i, èmi lo rí. Oníkọlà kan náà ló kọ wá.” Ọkùnrin náà ní kí Ọlọ́run dá wọn sí fún ara wọn. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mọ́ mi.

Ìgbà tó padà wá ló tó bèèrè ìwé. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ èlé sí i. Ọ̀rọ̀ èlé yẹn kì í ṣe irọ́ o, Mojí. Wọ́n máa ń gba ìwé lóòótọ́ láti kọ èlé sí i. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé irọ́ nìkan wá. Òótọ́ ló máa ń gbé síwájú, á wá fi irọ́ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó yọ ìwé mìíràn jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ̀ka síbẹ̀ kí àwọn ọ̀gá lè mọ̀ pé ẹni tó ni owó ṣì wà láyé. Mo na ọrùn wò ó. Mo rí i pé àyè pọ̀ lórí rẹ̀ tí wọn kò kọ nǹkan sí. Mo ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ kọ síbí yìí, ẹ̀gbọ́n?” Ìyá Olóbì bojú wẹ̀yìn wò mí. “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò ni?” Ìyàwó tuntun ni mí. Wọ́n tẹ̀ka sí i níṣojú mi, mo wá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ó kó ìwé méjèèjì lọ, kò padà. Mo ní kí a lọ béèrè ní pósófíìsì. Ìyá Olóbì kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn bẹ́ẹ̀, bí àwọn bá lọ ń béèrè rẹ̀ kiri, á dà bíi pé àwọn pè é lólè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ ìwé náà ni wọ́n ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó sí iwájú ilé, à ń bó obì. Lọ́rì dúró, ta ló sọ̀ kalẹ̀? Ìyá Wúrà láti Lálúpọn, adìẹ lọ́wọ́ kan, iṣu lórí.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ọlọ́run mà ṣeun o! Ẹ kú ewu àìsàn. Ìgbà wo lẹ kúrò ní ọsibítù?”

Ìyá Olóbì wò wọ́n. “Ọsibítù wo? Ta ló ń ṣàìsàn?”

“Ẹ̀yin kọ́? Ẹni tí ẹ rán sí mi, oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ó ní ẹ ò lè dìde ńlẹ̀. Ó ní owó oògùn yín wà ní pósófíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí ojú yín kí wọ́n tó san án, pé ojú tèmi náà ojú yín ni. Ó ki oríkì ilé wa fún mi, ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún! Mo bá a lọ. Akọ̀wé wo ojú mi, ó wo ìwé, ó san án. Mo sì ní kó sáré gbé e wá bá yín.”

Ìyá Olóbì kò pariwo. Wọ́n kàn bèèrè pé, “Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Ó ní oògùn náà wọ́n gan-an.”

Ìyá Wúrà rí ojú wa, ó wá yé wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Adìẹ já mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lé e.

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ sígboro. Nígbà tí akọ̀wé rí ojú méjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún, ó ní, “Yéè!” Mo bi í pé ṣé ó mọ iye èèyàn tó kọ irú ilà yẹn láti Akínyẹlé dé Lálúpọn. Ó ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ìka ńkọ́? Ó gbé ìwé jáde. Ìka Ìyá Olóbì ni lóòótọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ níṣojú mi, iye owó sì ti wà ní gbogbo àyè tí mo rí lófìfo. Ìwé tòótọ́, ìka tòótọ́, ilà tòótọ́! A fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún gbúròó oníkẹ̀kẹ́ mọ́.

Èmi kò sinmi, o mọ̀ mí. Níbo ló ti rí oríkì kọ́? Mo bèèrè lọ́tùn-ún, mo bèèrè lósì, àfìgbà tí atúnkẹ̀kẹ́ ẹ̀bá títì sọ fún mi pé ọkùnrin náà máa ń wá jókòó sí ìsọ̀ òun ní àárọ̀, bíi pé táyà rẹ̀ ń jò. Àárọ̀ sì ni àwa ìyàwó ilé máa ń ti odò bọ̀, tí a máa ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Olóbì, tí a máa ń kì wọ́n sókè ketekete. Ohùn wa ń dé títì. Ó gbọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn nínú wa lọ. Ohun tí Ìyá Olóbì rò pé ọmọ ilé nìkan ló lè mọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó pẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ló lè mọ̀ ọ́n.

Owó páànù ilé Ìyá Olóbì nìyẹn. Wọn kò tún rí irú rẹ̀ kó jọ mọ́. Wọn kò bá Ìyá Wúrà jà rárá, ìyẹn ló sì dun Ìyá Wúrà jù. Ó ń dun èmi náà di òní olónìí.

Ó dáa. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: “Màmá, Ìyá Olóbì kò mọ̀wé ni.” Ìwọ tó mọ̀wé, kí lo ṣe? Ìka lórí ìwé òfìfo àti ọwọ́ rẹ lórí ewé ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo, sọ ìyàtọ̀ wọn fún mi. Ìwọ kò kọlà, Mojí. Ọwọ́ tí o ń fi sí ìwé yẹn ni ilà ojú rẹ ní báǹkì. Nítorí náà, gbọ́ mi.

Èkínní, gba ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Má bá Láyí jà. Di ẹ̀bi rù mí: ní ìyá rẹ ti ń ṣarán, ó ní òun fẹ́ fojú rí gbogbo ewé náà. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ire bí o ṣe wí, á rẹ́rìn-ín, á sì kó wọn fún ọ, a ó jọ máa kí i. Bó bá ní ọ̀kan ti sọnù, tàbí ó ní kí o dúró di ọ̀la, má jiyàn. Gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kọrí sí báǹkì. Ìdí ewé tó ṣẹ́kù sínú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì ní nọ́ńbà lára; fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n, kí wọ́n má san owó lórí wọn fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jó o nínú ààrò.

Èkejì, kọ iye owó kí o tó fọwọ́ sí i, má ṣe é ní ìdàkejì láé. Fa ìlà sí àyè tó bá ṣẹ́kù, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún tìrẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá wá bá ọ nílé tàbí níbi iṣẹ́ pé báǹkì ló rán òun, kí o mú ìwé wá, kí o fọwọ́ síbí, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fún un lómi. Kí o wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bi báǹkì léèrè. Wọn kò ní jẹ ọ́ níyà pé o béèrè.

Níbo lo ń kó ìwé ṣẹ́ẹ̀kì náà sí? Má sọ pé inú Bíbélì! Kò sí olè tí kò mọ̀ pé inú Bíbélì ni àwa Onítẹ̀bọmi ń kó gbogbo nǹkan sí. Ra àpótí kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́. Lóṣooṣù, ní kí báǹkì fún ọ ní ìwé tó ń fi bí owó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde hàn, kí o kà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Èwo ni mo kà dé? Kò burú. Má tijú láti béèrè, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ìtìjú ló pa Ìyá Olóbì lẹ́nu mọ́ tí olè fi rí àyè dé Lálúpọn. Bí nǹkan bá rú ọ lójú, kí o lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní aláìmọ̀kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Má sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ohun tó wà ní báǹkì. Lórí èyí, bàbá rẹ ti da omi sí i. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, wọ́n dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀, owó ojú àwọn ti pé, ó wà lọ́wọ́ Mojí Àbẹ̀kẹ́ àwọn ní báǹkì. Mo fa aṣọ wọn, wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n gbóhùn sókè ni. Àjèjì kún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ka ibí yìí sí wọn létí, wọ́n ní, “Ìdúpẹ́ ni mo ṣe.” Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o ti rí ọ̀nà kan tí oríkì rẹ lè gbà dé Alákíà?

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ èsì, dá mi lóhùn. Ta ni Láyí ní òun gbọ́ oríkì rẹ lẹ́nu rẹ̀? Kí ló máa ń bi ọ́ nípa ilé? Àwọn ará báǹkì, ṣé wọ́n máa ń wo ojú ẹni tó gbé ṣẹ́ẹ̀kì wá, àbí ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ nìkan? Ìyẹn wù mí mọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n gba àwọn ewé yẹn ná kí o tó kọ̀wé. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà Alákíà lónìí ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó má bàa pẹ́ lọ́nà.

Ẹ̀rù ń bà mí, Mojí. N kò fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò bínú sí ọ, ọmọ dáadáa ni ọ́, èèyàn rere ni ó sì ń tètè gba èèyàn gbọ́.

Bàbá rẹ ní kí n má tíì di lẹ́tà náà, àwọn ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní láti ìgbà tí o ti wà nílé ìwé ni àwọn kò ti rí ojú rẹ dáadáa mọ́, ohùn rẹ nìkan ni àwọn mọ̀. Wọ́n ń bi mí pé, nísinsìnyí tí o ti dàgbà, ṣé èmi lo jọ ni àbí àwọn. Mo ní n kò ní sọ. Mo ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó.

Ìyá rẹ ni.